Ẹ Má Fi Ọ̀dà Fọ́ Ère Lójú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rán ẹnì kan pé kó mú ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, tí kò bá onígbàjámọ̀ nílé, tó wá fa ọmọ náà lé ẹni tó ń fi àdá ṣán oko lọ́wọ́ pé, "Ẹ bá mi fá orí ọmọ yìí, irin ṣáà ni irin," kí lẹ ó ṣe? Ẹ ó pariwo, àbí ẹ ò ní pariwo? Ẹ ó ní ọ̀tọ̀ ni abẹ, ọ̀tọ̀ ni àdá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìwà yẹn gan-an là ń hù sí àwọn ère kéékèèké wa, ariwo kankan kò sì ta. À ń sọ pé ọ̀dà ṣáà ni ọ̀dà.

Irọ́ ni. Ọ̀dà kì í ṣe ọ̀dà lásán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìjọ kan wà ní agbègbè Ketu níbí tí mo ń lọ. Mo mọ̀ pé ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dárúkọ rẹ̀. A ní ère onígi mọ́kànlá tí a máa ń tò sí ibùjẹ ẹran ní gbogbo Kérésìmesì. Èyí tó ga jù nínú wọn kò ga ju ìgò mínírà lọ. Bàbá tó gbẹ́ wọn ti lọ sọ́run. Màríà ró ìró, ó wé gèlè. Jósẹ́fù dé fìlà, ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkùnrin tó ń lọ òde. Àwọn ọba mẹ́ta wọ agbádá. Bàbá yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn wọ́n: ó fún ọba kìíní ní àwọ̀ sányán, ó fún ìkejì ní àlàárì, ó fún ìkẹta ní ẹtù. Bí o bá dúró lọ́nà jíjìn, o ó mọ̀ pé ọba mẹ́ta ni wọ́n, pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, pé òde kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ.

Ọdún gorí ọdún, àwọ̀ wọn ṣá, eku sì jẹ etí màlúù. Ìgbìmọ̀ jókòó pé kí á tún wọn kùn. Mo wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ẹnì kan bá dìde, ó ní, "Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun géètì ńkọ́?" A rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́, a ní ọgbọ́n nìyẹn, owó ìjọ kò ní ṣòfò. Ọkùnrin tó kun géètì náà la gbé ère fún.

Háà! Nígbà tí a ṣí aṣọ kúrò lórí wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ojú tì mí. Ọ̀dà dídán tí wọ́n ń pè ní gílọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà lò. Màríà di búlúù láti orí dé ẹsẹ̀, búlúù géètì. Àwọ̀ ara gbogbo wọn, ọba àti olùṣọ́-àgùntàn, ìyá àti ọmọ, di ọ̀kan ṣoṣo, àwọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun rẹ̀. Ọ̀dà ti wọ inú gbogbo ibi tí ọ̀bẹ bàbá yẹn gbà kọjá, ó ti dí wọn pa. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba kò sí mọ́. Ìṣẹ́po gèlè kò sí mọ́. Ojú wọn wú, ó dì bí ojú ẹni tí àpólò mú. Ọmọbìnrin kékeré kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa bàbá rẹ̀ láṣọ, ó ní, "Dádì, ṣé àwọn tó wà níbẹ̀ yẹn ń sùn ni?" Bàbá rẹ̀ kò rí èsì fún un. Èmi náà kò rí.

Ta ló jẹ̀bi? Ṣé ọkùnrin tó kùn ún ni? Rárá o. Géètì tó kùn dára, ó ń dán títí di òní. Iṣẹ́ tó mọ̀ ló ṣe. Àwa tí a rán an ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ la jẹ̀bi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí mọ́kànlá wọ́ lójú mi, mo sì pàtẹ́wọ́ sí i.

Lẹ́yìn ọdún, mo fi ọ̀kan nínú àwọn ọba náà sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e lọ sí Ìkòsí, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbẹ́ iwin àti ọ̀rọ̀ kéékèèké tó sì ń kùn wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà èso. Ó gba ọba lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe bàbá yìí báyìí?" Mo ní, "Àwa ni, àbúrò."

Lórí tábìlì rẹ̀ ni mo ti rí Agbákò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, ẹ mọ̀ ọ́n. Ère náà kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Oníbàárà tó ní kó gbẹ́ ẹ ti sọ fún un pé kó kùn ún ní pupa fòò láti òkè délẹ̀, torí pé iwin burúkú ni, pupa sì ni ti èṣù. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ ìwé ti bá òun yan àwọ̀ tipẹ́: irin ló wà lórí Agbákò, bàbà ló wà lára rẹ̀, awọ ló wà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni kí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má bàa bá ara wọn jà.

Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Bàbà àti awọ jọ jẹ́ ọmọ ìyá, inú pupa ni àwọn méjèèjì ti wá. Bí ó bá kùn wọ́n bí wọ́n ṣe wà, ọ̀kan yóò gbé èkejì mì. Nítorí náà ó mú kí awọ ṣókùnkùn bí osùn tó ti gbẹ mọ́ ara, ó sì mú kí bàbà mọ́lẹ̀. Irin kì í ṣe dúdú inú agolo: dúdú ló fi ṣe ìpìlẹ̀, ó po aró díẹ̀ mọ́ ọn kó lè tutù lójú, ó wá fi eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tọ́ etí fìlà níbi tí oòrùn yóò ti kàn án. Ó wá ku ojú mẹ́rìndínlógún. Kò lo funfun báláú fún wọn, ó ní yóò fò jáde bí eyín èké. Ó kán ẹ̀kán àwọ̀ bàbà kan sínú funfun náà, kí ojú lè jẹ́ ti ara tó gbé e. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí mo gbé Agbákò yẹn sókè, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Bí wọ́n bá ti rì í sínú pupa bí oníbàárà ṣe fẹ́, ata rodo lásán ni ì bá jẹ́.

Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn nìyí, kí ẹ̀yin náà gbọ́. Ohun kékeré kì í ní òjìji tó pọ̀ bí ohun ńlá. Imú èmi àti ìwọ ga, òjìji rẹ̀ ń bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Imú ère tó tó àtàǹpàkò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì ló gbọ́dọ̀ fi òjìji náà sí i: àwọ̀ tó ṣókùnkùn fún kọ̀rọ̀, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ fún ibi tó yọ. Èkejì, ọ̀dà gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó máa ṣàn bí omi ògì. Ó sàn kí a kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ju kí a rì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta, ọ̀dà tó ń dán ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ẹni, kì í jẹ́ kí a rí ohun tí ọ̀bẹ gbẹ́. Ẹ̀kẹrin, ìta gbangba ni kí a ti yan àwọ̀, lójú ọ̀sán, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù pupa rúsúrúsú tó máa ń sọ funfun di ìpara ẹyin. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ni?

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn tó lòdì sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ní kí ló kan Yorùbá kan àwọ̀ yíyàn, ṣebí mẹ́ta péré la mọ̀, funfun, pupa, dúdú? Ẹ gbà mí o! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 12 ní òwúrọ̀. Kó dúró níwájú àwọn tó ń ta ata. Kó wo tàtàṣé, kó wo tòmátì, kó wo ṣọ̀mbọ̀, kó wo rodo. Pupa ni gbogbo wọn. Ṣé ọ̀kan ni wọ́n? Ìyá aláta kò ní pè wọ́n ní orúkọ mẹ́rin fún àwọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí o bá fi èyí tí oòrùn ti pa mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yóò mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Funfun, pupa, dúdú kì í ṣe àwọ̀ mẹ́ta, agbo ilé mẹ́ta ni. Nínú agbo ilé pupa la ti rí osùn, epo, àlàárì àti bàbà. Nínú agbo ilé dúdú la ti rí aró, ẹtù àti èédú. Àwọn tó ń re aró mọ ìgbà tí aṣọ jẹ́ àyìnrín àti ìgbà tó tó láti yọ nínú ìkòkò. Ọgbọ́n ìbáramu àwọ̀ ló wà nínú èdè yẹn: mú ọ̀kan láti agbo ilé kọ̀ọ̀kan, wọn kì í bá ara wọn jà.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ wo Thomas Ọ̀nà Odùlátẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà ìjọba àwọn òyìnbó. Ère kéékèèké ni tirẹ̀: àjẹ́lẹ̀, lọ́yà oní-wíìgì, míṣọ́nnárì, ṣọ́jà. Kí ló fi ń kùn wọ́n? Yíǹkì dúdú, yíǹkì pupa, àti ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun bàtà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó bá yẹ kí igi fara hàn, kì í fọwọ́ kàn án. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àwọn ère náà ní ọdún 1957, wọ́n sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kárí ayé lónìí. Justus Akérédolú ti Ọ̀wọ̀ ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ ra ọ̀dà. Láti nǹkan bí ọdún 1930 sí i ló ti ń fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère tó tó ìka ọwọ́. Àwọ̀ ẹ̀gún náà kì í ṣe ọ̀kan: òmíràn mọ́lẹ̀, òmíràn pupa díẹ̀, òmíràn ṣókùnkùn. Ó ń mú èyí tó yẹ fún ara, ó ń mú èyí tó yẹ fún aṣọ, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ pe ìyẹn ní kí ni, bí kì í bá ṣe àwọ̀ yíyàn?

Àwọn mìíràn wá, àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n ní kí a má kun ère rárá. Wọ́n ní igi lásán ni ojúlówó iṣẹ́ adúláwọ̀. Níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Àwọn bàbá wa ń kun ère. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún àfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní London ní ọdún 1924, ó ní ọ̀dà lára. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní ọdún 2001, ṣé ẹ ti rí èyí tí kò ní àwọ̀ rí? Ère ìbejì ńkọ́? Àwọn ìyá ń fi osùn pa á lára, wọ́n ń fi elú kun irun rẹ̀, nígbà tó sì yá wọ́n ń lo búlúù tí a fi ń fọ aṣọ. Osùn yẹn ń sá sínú kọ̀rọ̀, ibi tí ọwọ́ sì ń kàn lójoojúmọ́ ń mọ́lẹ̀, ó ń dán. Ohun tí ọmọ Ìkòsí yẹn ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ ìyá ìbejì ló ń ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún.

Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún mi pé adúmáadán là ń pe ara wa, kí ló dé tí ara ère kò gbọdọ̀ dán? Mo ní kó lọ wo dígí. Ara adúmáadán ń dán ní iwájú orí, ó ń dán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í dán nínú kòtò ojú, kì í dán lábẹ́ àgbọ̀n. Èyí tó bá dán níbi gbogbo, òógùn ló bò ó, kí a wá omi fún un. Kí á sì má gbàgbé pé kò sí ènìyàn tó dúdú bí ọ̀dà inú agolo, kò sì sí èyí tó funfun bíi rẹ̀. Àwọ̀ ara tiwa, pípò ni: igi ìrókò ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀, kí o kán epo sí i fún apọ́nbéporẹ́, kí o kán aró sí i fún adúláwọ̀. Nínú ẹbí kan ṣoṣo ní Ketu níbí, o ó rí mẹ́rin.

Àwọn tó kù ní eré ọmọdé ni. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ jẹ́ kí á wo ìlú òyìnbó. Ní ọdún 1975, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta dá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Games Workshop sílẹ̀ ní London. Nottingham ni olú ilé iṣẹ́ náà wà lónìí. Iwin, òrìrì, jagunjagun tó tó àtàǹpàkò ni wọ́n ń tà, wọn kì í sì í kùn wọ́n. Ìwọ tó bá rà á ni o ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí o ó sì yan àwọ̀. Wọ́n ń ta ọ̀dà kan fún ìpìlẹ̀, wọ́n ń ta òmíràn tó fúyẹ́ tó ń sá lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń ta òmíràn fún ibi tó yọ. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kùn jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ oníwin yìí wọ inú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ní ọjà ìpín ìdókòwò London. Ẹ tún sọ fún mi pé eré ọmọdé ni! Àwa tí a ní Agbákò, tí a ní egbére, tí a ní ọmọ tó lè kùn wọ́n, à ń bi í pé kí ló dé tó ń gba owó lórí ọ̀dà tí kò kún ìdérí ìgò.

Owó yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, mo sọ iye tí ọmọ náà yóò gbà àti pé ó máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bó ọ̀dà géètì kúrò díẹ̀díẹ̀ kó má bàa pa igi lára. Wọ́n pariwo. Wọ́n ní iye yẹn tó ra ère oníke tuntun ní ọjà, tí kò ní ṣá, tí eku kò ní jẹ. Lóòótọ́ ni, kò ní ṣá. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn oníke yẹn, àwọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan náà ni wọ́n. A ó wá san owó láti ra ohun tí a ti fi ọ̀fẹ́ sọ tiwa dà.

Kì í ṣe pé a kò rí àpẹẹrẹ. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láàárín ọdún 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ, Bámidélé ọmọ Arẹ́ògún wà níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ tó jẹ́ mùsùlùmí wà níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù ní ọ̀nà tí ọmọ Èkìtì yóò fi wò ó tí yóò mọ̀ pé ọba ni ọba. Bàbá tó gbẹ́ mọ́kànlá tiwa gba ọ̀nà kan náà, àwa la wá fi agolo kan dí ọ̀nà náà pa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀yin ilé ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ní ère bàbá yín nínú pálọ̀: bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, ẹ má fà á lé ẹni tó ń kun ògiri lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ère tó ṣá sàn ju ère tó fọ́jú lọ. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ san owó rẹ̀, ẹ má nà án bí ẹni tó ń nájà èso. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá jókòó ti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, tó ń po pupa mọ́ dúdú ní ìdérí ìgò, ẹ má gba á létí pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ìgbìmọ̀ wa yóò tún jókòó ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ọba tí mo gbé lọ sí Ìkòsí ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ó ti bó ọ̀dà kúrò ní ojú kan, ó ní kí n wá wò ó. Lábẹ́ gílọ́ọ̀sì yẹn, àlàárì bàbá olóògbé ṣì wà lára agbádá ọba, ojú kan ṣoṣo yẹn sì ń wò mí. N ó gbé e lọ sí ìpàdé, n ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láàárín wọn, bó ṣe wà, ojú kan ṣí, ojú kan dí. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní pàtẹ́wọ́.